Ilé Tí Ọ̀fà Padà Wá Kọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìtọ́jú Àwọn Ilé Àtijọ́ Tó Ti Di Àpatì

Bí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ bá jẹyọ ní ìlú tí ìtàn rẹ̀ jìn bíi ti Ọ̀fà, ohun tó sábà ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ni ilé tó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èyí tí ọwọ́ Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgàǹgàn tó tẹ ìlú náà dó lè ti kàn, tàbí èyí tí àwọn Ọlọ́fà àkọ́kọ́ jókòó sí inú rẹ̀ dá ẹjọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ọ̀fà lónìí, ẹni tó bá sì ń wá a kiri yóò gbójú fo èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ní àkókò tí ogun Kírìjì (1877 sí 1893) ń jà lọ́wọ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, Ìlọrin gbé ogun ti Ọ̀fà. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wá dúró ti Ọ̀fà fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1890 ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ó tú, àwọn tó yè nínú ará ìlú sì fọ́n ká. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní ọdún 1897, tí ìbẹ̀rù ogun sì rọlẹ̀, ni ọ̀nà ìpadàbọ̀ tó là dáadáa.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ilé àtijọ́ Ọ̀fà, ní ti gidi, ni ilé tí àwọn tó ti ìlú onílùú dé tún kọ́ sórí ahoro àwọn bàbá wọn, pẹ̀lú èyí tí àwọn ọmọ wọn fi owó òwò kọ́ ní nǹkan bí 50 ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ orí wọn kò tó èyí tí àwọn onírìn-àjò afẹ́ fi ń ti òkè òkun wá wo nǹkan, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé wọn kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé wọ̀nyí ni ẹ̀rí tó fojú hàn jù lọ nípa bí ìlú tó tú ṣe tún ara rẹ̀ tò: agbo ilé wo ló padà sí ojúlé rẹ̀ àtijọ́, ta ló fẹ̀gbẹ́ kan ta ní lábẹ́ oyè Ẹ̀sà, Òjomù, Ṣáwò tàbí Balógun, ìgbà wo ni owó wọ ìlú, ọ̀nà wo ló sì gbà wọlé. Ìwé ìtàn Ọ̀fà lè gbé ogun náà kalẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọdún tí kò sí ariwo, tí àwọn ènìyàn kàn ń po amọ̀, tí wọ́n ń mọ ògiri, tí wọ́n sì ń bo òrùlé. Ara ilé ni ìtàn àwọn ọdún yẹn wà.

Oríṣi ilé méjì ló yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tó lè yé ènìyàn, nítorí pé àìsàn ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Èkínní ni àkódì, ìyẹn ilé tó yí àgbàlá ká ní ìgun mẹ́rin, tí àwọn iyàrá rẹ̀ kọjú sínú tí wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síta, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo sì máa ń so gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà. Ilẹ̀pa, ìyẹn ilẹ̀ pupa tí wọ́n wà jáde nítòsí, ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè di, kí wọ́n tó tún un pò, lẹ́yìn náà ni àwọn mọlémọlé á wá tò ó ní ìpele ìpele, tí ìpele kan á gbẹ dáadáa kí òmíràn tó gun orí rẹ̀; ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà, tí ọ̀wẹ̀ ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Koríko ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí etí òrùlé náà wá sílẹ̀ dáadáa, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò má bàa kan ògiri. Ààfin àwọn ọba ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tó tan mọ́ ọn tún máa ń ní kọ̀bì, tó jẹ́ òrùlé tó yọ síwájú lórí òpó láti ara ilé, tí ẹni tí kì í ṣe ọba tàbí ìjòyè ńlá kò gbọdọ̀ ṣe.

Èkejì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú irin ló sì gbé e dé. Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó dé Ìlọrin ní ọdún 1908 àti Jẹ́bà ní ọdún 1909, kí ó tó di pé ó so mọ́ ti Kánò. Láti ìgbà náà ni páànù, ìṣó, gíláàsì àti sìmẹ́ńtì ti ń wọ Ọ̀fà nínú wágọ́ọ̀nù, tí irè oko sì ń jáde. Èrò orí bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n náà wá láti Èkó, níbi tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà dé, ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tó lórúkọ. João Baptista da Costa, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ló ṣe Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn àti àwọn tó wo iṣẹ́ wọn kọ́ ló gbé àṣà náà tọ ojú irin lọ sí àwọn ìlú òkè. Ènìyàn á dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí ó bá rí i: ẹnu ọ̀nà wà láàárín gbùngbùn, pálọ̀ tóóró kan gba inú ilé já sẹ́yìn, iyàrá wà lọ́tùn-ún lósì ní iye kan náà, àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn, orí fèrèsé tẹ̀ kọdọrọ, òdòdó tàbí kìnnìún tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ń wo ojú títì, orúkọ onílé àti ọdún tí ó parí ilé náà sì wà lókè níbi tí ojú kò ti lè ṣàì rí i. Àwọn oníṣòwò tó na Èkó, Ìbàdàn, ilẹ̀ Haúsá àti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ irú ilé yìí ní àwọn ìlú ẹkùn náà. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbé inú rẹ̀ ju ìgbà ọdún lọ. Wọ́n kọ́ ọ kí ìlú lè mọ̀ pé ẹni tó lọ kò sọnù.

Ohun kan wà nípa pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọ̀nyí tí ojú kì í tètè rí. Lábẹ́ sìmẹ́ńtì tó ń dán níta, amọ̀ kan náà tí wọ́n fi mọ àkódì ni ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Nkalagu tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, àti kí ti Ewékorò tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1960, òkè òkun ni gbogbo sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ti ń wá, owó rẹ̀ sì kúrò ní kékeré, nítorí náà ilẹ̀, àtẹ̀gùn, òpó, ọ̀ṣọ́ àti ìrẹ́lé ni wọ́n ń fi ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ilé amọ̀ ló wà lọ́wọ́ òun, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jọ ti òyìnbó tó.

Ilé amọ̀ kì í kú lójijì. Ìṣó kan lórí páànù yóò kọ́kọ́ dípẹtà, ihò rẹ̀ yóò fẹ̀ díẹ̀, omi yóò sì máa kán sórí pákó kan ṣoṣo nínú àjà tí ẹnikẹ́ni kì í gùn. Ikán tó ti ń wá ibi tó tutù yóò gba inú ògiri gòkè lọ bá pákó náà, yóò jẹ inú rẹ̀ tán tí ara rẹ̀ yóò sì wà bí ó ṣe wà, títí ìjì kan yóò fi gbé páànù méjì tàbí mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Láti ọjọ́ náà ni orí ògiri yóò ti máa mu omi. Amọ̀ tó rọ̀ yóò máa ṣàn wálẹ̀ ní ojú ìlà tínínrín, lójú ìlà kan náà lọ́dọọdún, títí ìlà náà yóò fi di kòtò. Orí ògiri yìí gan-an ni wọ́n fi àwọn ìtì igi tó gbé ilẹ̀ òkè dúró sí. Bí ìdí ìtì bá ti jẹrà nínú ògiri, òkè yóò rì, yóò sì ti ògiri iwájú síta. Àwọn aládùúgbò yóò sọ pé òjò àná ló wó ilé náà, bẹ́ẹ̀ ìṣó kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 10 sẹ́yìn. Òwe tó ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀, ìwà ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi bá wí, ṣùgbọ́n àwọn mọlémọlé mọ̀ pé òótọ́ ni nípa ògiri pẹ̀lú.

Àtúnṣe tí kò bá ìlànà mu náà ń pa wọ́n. Bí ẹbí bá rí owó díẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n pe bíríkìlà kó wá fi sìmẹ́ńtì tó nípọn rẹ́ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè, nítorí pé ìyẹn ni gbogbo ayé lè rí. Amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì máa ń mí in jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ó mí. Omi yóò wá há sínú ògiri, ìsàlẹ̀ yóò máa rọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ìrẹ́lé náà yóò wú, yóò sì ya lulẹ̀ ní abala ńlá, tòun ti amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Balùwẹ̀ ìgbàlódé tí wọ́n fi ti ògiri amọ̀ láìṣe ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kíákíá ju ti òjò lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń gbé ilé àtijọ́ máa wẹ̀ ní àgbàlá bíi ti ọdún 1920. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó ní omi, iná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé; ibi tí wọ́n máa gbé e sí ni iṣẹ́ wà, kí ó jẹ́ apá ẹ̀yìn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ lọ́tọ̀, tó sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti ògiri amọ̀.

Ìbéèrè tó wá kù ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gun òkè lọ kan ìṣó náà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣó. Àwọn kan ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn àṣà, àwọn mìíràn sì ń sọ pé owó ni kò sí. Àwíjàre méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Ìlú tó dá owó jọ títí ó fi ní Offa Grammar School ní ọdún 1943 kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń náwó sórí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ tó fi ilé bàbá wọn sílẹ̀ kó máa wó sì wà tí wọ́n ń kọ́ ilé tó tóbi jù ú lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ibi tí ìṣòro náà wà gan-an ni bí ilé ṣe ń di ogún.

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, bí ẹni tó kọ́ ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé náà kì í di ti ọmọ kan. Ó di ilé ẹbí, gbogbo ọmọ ni ó ní in pa pọ̀, olórí ẹbí sì ń mójú tó o. Ilé ẹjọ́ ti fi ọwọ́ sí èyí láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní ọdún 1908. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ pínpín, ọ̀nà méjì ló wà: ìdí-igi, níbi tí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín kan láìka iye wọn sí, àti orí-ò-jorí, níbi tí wọ́n ti ń ka ọmọ ní ẹyọ ẹyọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ ogún ẹni tó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sáyé lọ, adájọ́ àkọ́kọ́ rò pé ìdí-igi ti di àṣà àtijọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún Nàìjíríà nígbà náà, ìyẹn Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1962 pé òfin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Ní Ọ̀fà, tí Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ń pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù, tí ó fún ìyàwó, ìyá, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ìdá tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà, bí ìran kan bá ti kọjá sí èkejì, iyàrá kan nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè ti di ti ènìyàn 20, tí wọ́n wà ní Èkó, ní Kánò, ní Houston àti ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àṣà ilé ẹbí yìí ní ọgbọ́n nínú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wò ó. Òun ni kò jẹ́ kí ọmọ onínàákúnàá kan ta ojú oórì bàbá gbogbo wọn, òun náà ni ó fún opó àti ọmọ tí ayé kò yẹ ní ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí. Ohun tí ó ń dáàbò bò ni ẹ̀tọ́ láti wọlé. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí yóò ra páànù. Ẹni tó bá dá náwó tún òrùlé ilé ẹbí ṣe, kò ní ìpín ju ti àná lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ lè máa fura pé ó fẹ́ gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò náwó, ìpín rẹ̀ kò dínkù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọlọ́gbọ́n yóò kọ́ ilé tirẹ̀ síbòmíràn. Ẹni tó sábà máa ń kù sínú ilé àtijọ́ ni àgbàlagbà tí kò lówó lọ́wọ́, tàbí ayálégbé tí kò ní ìdí láti fi owó ara rẹ̀ tún ilé onílé ṣe, ìgbà tó bá sì wó tán ni gbogbo ẹbí máa ń pé jọ, nítorí pé ilẹ̀ ti wà láti tà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé bí ìjọba bá lè kéde àwọn ilé wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ohun àtijọ́ tí òfin kò fàyè gbà kí ẹnikẹ́ni bàjẹ́ tàbí kó wó, ọ̀rọ̀ náà yóò yanjú. Òfin náà wà: ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin ohun àtijọ́ fún Nàìjíríà, ọdún 1979 sì ni àṣẹ ìjọba ológun, èyí tó jẹ́ 77 nínú ti ọdún náà, dá àjọ tó ń rí sí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara tí Ọ̀fà wà gan-an ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, nítorí pé Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ni wọ́n kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní ọdún 1945, fún àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000 tí àwọn ará òde bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa wọn ní ọdún 1933. Ṣùgbọ́n ère òkúta kì í ní ẹbí tó ń jà sí i, kì í sì í jo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar ní gbàgede Tinúbú ní Èkó fi bí ìkéde nìkan ṣe lágbára mọ hàn. Ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Fún 60 ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba, tí òrùlé àti ògiri rẹ̀ sì ń bàjẹ́ lọ lójú gbogbo ènìyàn, títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 tí wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ìkéde kò kan páànù mọ́ òrùlé.

Síbẹ̀, òfin ní ibi tí ó ti wúlò, ibi náà sì sún mọ́ Ọ̀fà ju Àbújá lọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbà kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin fún ohun àtijọ́ àti ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì kéde. Kwara lè lo agbára yìí, kì í ṣe láti fi kéde ilé pẹ̀lú ariwo, bí kò ṣe láti jẹ́ kí àdéhùn tí ẹbí kan bá fọwọ́ sí nípa ìtọ́jú ilé wọn di ohun tí kóòtù lè mú lò. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí ìjọba sọ fún ẹbí pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilé wọn àti kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mú ara wọn sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni kí ìtọ́jú ilé ní àsìkò tirẹ̀ àti ẹni tí ó di dandan fún. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni ìgbà tí wọ́n ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Ohun tí òde òní ń pè ní ètò ìtọ́jú, ọdún ìbílẹ̀ tó ní ìlù, ijó àti ìwárí ló jẹ́ lójú àwọn bàbá ńlá, wọ́n sì ń fi ka ọjọ́ orí ọba lórí ìtẹ́. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, mọ́sáláṣí ńlá alámọ̀ tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1907 ṣì dúró títí di òní nítorí pé gbogbo ìlú ni ó ń jáde lọ́dọọdún láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, àdúgbò sí àdúgbò, àwọn ọ̀dọ́ lórí àkàbà, àwọn obìnrin pẹ̀lú omi, àwọn ọ̀gá mọlémọlé sì ń darí wọn. Ọdún 1988 ni àjọ UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ́lé ọdọọdún náà ti wà tipẹ́ kí UNESCO tó dé. Nígbà tí páànù rọ́pò koríko ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ilé kò sì tún nílò ìbòrí tuntun lóòrèkóòrè, ọ̀wẹ̀ òrùlé dáwọ́ dúró. Páànù kò nílò ọ̀wẹ̀ fún 30 ọdún, nígbà tí 30 ọdún náà bá sì pé, kò sí ẹni tó rántí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀wẹ̀ mọ́. Bóyá èyí gan-an ni ohun tó ba ilé Ọ̀fà jẹ́ ju gbogbo ohun mìíràn lọ.

Ilé tí wọ́n ń lò kì í tètè wó. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ti lé ní 120 ọdún, kò sì tíì sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọn kò ní ìdí láti wo òrùlé rẹ̀. Ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, Jaekel House tí àwọn rélùwéè kọ́ ní ọdún 1898 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun kí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy tó bá àjọ rélùwéè ṣe àdéhùn, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ rélùwéè sí. Àpẹẹrẹ kejì yìí kan Ọ̀fà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé tẹ́ṣọ̀n àti àwọn ilé tó yí i ká kò ní ìṣòro ogún rárá: àjọ kan ṣoṣo ló ni wọ́n, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lè fọwọ́ sí ìwé. Bí ìlú bá fẹ́ ibi tí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ kíákíá, tí wọn yóò sì fi han àwọn ẹbí pé ilé àtijọ́ lè padà wúlò, ibẹ̀ ni ó rọrùn jù, ibẹ̀ náà ni ẹnu ọ̀nà tí owó tó kọ́ gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yòókù gbà wọlé.

Ní ti ilé àwọn ẹbí, àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kó ṣíwájú. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic tó wà ní Ọ̀fà láti ọdún 1992 lè rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ láti wọn ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà agbo ilé ní ẹni tó mọ ọ́n àti ibi tí wọ́n ti wa ilẹ̀pa rẹ̀. Bí ilé náà bá tilẹ̀ wó, ohun tó wà nínú ìwé yóò kù. Àwọn mọlémọlé tó ṣẹ́kù ti dàgbà, ọ̀pọ̀ bíríkìlà òde òní kò sì mọ amọ̀ pò. Bí wọn kò bá rí ọmọṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ láàárín ọdún díẹ̀ sí i, kò sí àdéhùn ẹbí tó lè pè wọ́n padà.

Àdéhùn náà fúnra rẹ̀ kò nílò ìwé gígùn. Ó tó kí ẹbí gbà pé àpò kan wà fún òrùlé nìkan, tí owó ilé tí ayálégbé ń san yóò máa kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Kí wọ́n yan ènìyàn kan tó ń gbé ìlú láti máa gun àjà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù Kejì tí òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí ọmọ kan bá ná sórí ilé jẹ́ gbèsè tí ẹbí jẹ ẹ́, tí wọn yóò san padà bí ilé bá di títà lọ́jọ́ kan, àti pé owó náà kò sọ ọ́ di onílé ju àwọn yòókù lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ló mú ìfura kúrò lọ́kàn ẹni tí kò lówó, òun náà ló sì mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn ẹni tó lówó. Ìgbà ọdún Iléyá àti ìparí oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ Ọ̀fà sábà máa ń wá sílé, tí ìpàdé ẹbí sì máa ń wáyé. Ìgbà náà ni kí olórí ẹbí gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, kí ó sì ti ní kí káfíńtà gun òkè ṣáájú, kí iye páànù àti ìṣó tí òrùlé nílò lè wà nínú ìwé kan níwájú gbogbo wọn kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀.